Oògùn Tó Ń Yọ Ara Lẹ́nu, Ojú Tí Kò Ní Ìpààrọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà awakọ̀ ẹ̀ka wa sọ ní ìpàdé oṣooṣù wa ní Abúlé Adó. A tẹ̀ ẹ́ jáde bí ó ti sọ ọ́, nítorí àwọn tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ tí wọn kò lè wá.)

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ilé-iṣẹ́ wá síbí tààrà láìtíì fi nǹkan kan ẹnu. N kò ní pẹ́ jù.

Akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Èmi kì í ṣe dókítà, n kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Awakọ̀ ni mí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n gbáko ni mo fi wa ọkọ̀. Mo wa danfo láti Mile 2 sí Ọ̀jọ́, mo wa ọkọ̀ ẹrù wọ Trade Fair, mo sì parí rẹ̀ sídìí bọ́ọ̀sì tí ń kó òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan lọ, tí ń kó wọn bọ̀. Ohun tí mo wá sọ lónìí, díẹ̀ nínú rẹ̀ ni mo kọ́ lẹ́nu àwọn dókítà. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni ohun tí ojú mi rí, àti ohun tí ojú mi kò rí mọ́.

Ẹ wò mí bí mo ti dúró yìí. Alága ni mo kọjú sí. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó lápá òsì mi, ohùn yín ni mò ń gbọ́, n kò rí yín. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá na ọwọ́ sí mi láti ibẹ̀, ẹ má bínú bí n kò bá bọ̀ yín lọ́wọ́. Kì í ṣe ìgbéraga.

Àwọn àgbà ní, “Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.” Èmi alákàn yìí kò ṣọ́ ojú tí ń ṣọ́rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀.

BÍ Ó TI BẸ̀RẸ̀

Ní 2015, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mí. Ojú kò dùn mí. Kò pọ́n, kò sun omi. Ohun tí mo kàn ń rí ni pé gíláàsì ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ mi ń fọ́. Láàrin oṣù méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ha ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ọ̀gá gáréèjì ní ọtí ni. Ìyàwó mi ní àwọn ayé ni. Èmi fúnra mi ní àárẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó ní ojú ni nínú wa, nítorí mo ṣì ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà níwájú mi kedere.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fi ipá mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kí n ka lẹ́tà ara ògiri, mo kà á dé ìlà ìsàlẹ̀. Mo ti ń múra àtilọ sílé nígbà tí dókítà ní kí n dúró. Ó kán nǹkan sí mi lójú, ó gbé irin kékeré kan sún mọ́ ẹyinjú mi, ó sì kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ó ní bí awakọ̀ ṣe ń fi géèjì wọn afẹ́fẹ́ inú táyà, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ń wọn agbára tí omi fi ń tẹ inú ojú. Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wà láàrin 10 sí 21. Ojú ọ̀tún mi jẹ́ 28. Ojú òsì mi jẹ́ 36.

Ó bi mí bóyá mò ń kán oògùn kankan sójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ra ìgò kékeré kan ní kẹ́mísì, tí mo ń kán an nígbàkígbà tí eruku bá mú kí ojú yún mi. Dókítà ka ara ìgò náà, ó mi orí. Sítẹ́rọ́ìdì ló wà nínú rẹ̀. Oògùn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí dókítà bá ní kí èèyàn lò ó fún ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ń kán an láti oṣù dé oṣù láìsí ẹni tó ń wọn ojú rẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé agbára omi ojú rẹ̀ sókè. Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ yanrìn, ẹ gbọ́ èyí dáadáa.

KÍ NI ÀRÙN NÁÀ?

Gùlọ́kómà ni wọ́n ń pè é. Ẹ má ṣe fi í pe kataráàtì, èyí tí ń sọ inú ẹyinjú di funfun. Dókítà lè yọ kataráàtì, kí ojú sì tún mọ́lẹ̀. Ohun tí gùlọ́kómà bá mú lọ, kò sí oníṣègùn òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀ tó lè dá a padà.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Omi kan wà nínú ẹyinjú tí kì í ṣe omijé. Ojú ń pèsè rẹ̀ tọ̀sán tòru, ó sì ń gba ojú ihò tóótòòtó kan ṣàn jáde. Gbogbo ẹ̀yin ará Festac mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tí gọ́tà sì dí. Omi kò níbi tí yóò gbà, á gòkè. Nínú ojú, bí omi bá pọ̀ jù, á máa tẹ iṣan tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Díẹ̀díẹ̀ ni iṣan náà ń kú. Etí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ̀ wá sí àárín. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè ka gbogbo lẹ́tà ara ògiri, kí ó má sì rí ọ̀kadà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ má rò pé èmi nìkan ni. Láàrin 2005 sí 2007, wọ́n ṣe ìwádìí ojú káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n yẹ ojú èèyàn 13,591 wò, gbogbo wọn jẹ́ ẹni ogójì ọdún sókè. Èèyàn 682 ni wọ́n bá gùlọ́kómà lójú wọn, ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, márùn-ún ní in. Nínú àwọn 682 náà, 38 péré ló mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan nínú márùn-ún wọn sì ti fọ́jú. Ní Tema, ìlú èbúté àti ilé-iṣẹ́ ní Ghana, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2013 fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méje nínú ọgọ́rùn-ún. Àwa aláwọ̀ dúdú ni àrùn yìí ń bá jà jù, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Ẹ ka orí ara yín nínú gbọ̀ngàn yìí, kí ẹ wá ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

OÒGÙN NÁÀ

Dókítà fún mi ní oògùn tí à ń kán, ó sì fi oògùn oníhóró kan kún un nítorí pé ojú òsì mi ga jù. Orúkọ hóró náà ni acetazolamide. Diamox ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Ó ní kí n máa lo hóró náà títí tí ojú yóò fi rọlẹ̀ àti títí dìgbà tí àwọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ, nítorí kì í sábà jẹ́ oògùn àlòkú fún ẹni tó ní gùlọ́kómà. Oògùn kíkán ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lò. Ó ní kí n lò ó lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èrò pọ̀ lẹ́yìn mi, èmi náà kò sì bi í ní nǹkan kan.

Ẹlẹgbẹ́ mi, lọ́jọ́ kejì ni ìyọnu dé. Ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ mi ń ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Ètè mi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo di sítíárì mú, n kò mọ̀ bóyá ọwọ́ mi ni tàbí ọwọ́ ẹlòmíràn. Mo ra mínírà tútù ní Agboju, mo gbé e sẹ́nu, ó ń ta mí lẹ́nu bí irin. Mo dá a padà fún ọmọbìnrin tó tà á, mo ní ó ti bàjẹ́. Ó ṣí òmíràn, bákan náà ni. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, mo lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo mu bíà, ẹ̀gbin! Ẹ rẹ́rìn-ín o, ó burú lọ́jọ́ náà.

Èyí tó burú jù ni ìtọ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Èrò méjìlélọ́gbọ̀n wà lẹ́yìn mi, a wà láàrin Mile 2 sí Alákijà, mọ́tò kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn, ìtọ̀ sì ń gbọ̀n mí. Mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀gá kan tó wà nínú ọkọ̀ náà bú mi lójú ọmọdé àti àgbà. Ara mi tún rọ, oúnjẹ kò wù mí jẹ.

Mo wá ronú. Ṣáájú kí n tó lọ sí ilé ìwòsàn, ara kò ni mí, ojú kò dùn mí. Láti ìgbà tí mo lọ, ara ń ni mí. Ta ni aláìsàn nínú èmi àná àti èmi òní? Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo da hóró tó kù sínú gọ́tà. Nígbà tí oògùn kíkán tán, n kò ra òmíràn. Ara mi yá, mínírà dùn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣubú. Àrùn tí kò dunni àti oògùn tí ń yọni lẹ́nu, àwọn méjèèjì ló pawọ́ pọ̀ tàn mí jẹ.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LẸ́YÌN NÁÀ

Dókítà ti sọ fún mi pé kí n má wa ọkọ̀ mọ́ títí tí wọn yóò fi yẹ ẹ̀gbẹ́ ojú mi wò dáadáa. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́. Mo mọ̀ pé wọn yóò dá mi dúró. Ọmọ mi méjì wà ní ilé-ẹ̀kọ́, owó ilé ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mo pa ẹnu mọ́, mo sì ń wa ọkọ̀ lọ. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wà á bẹ́ẹ̀. Lójoojúmọ́, mò ń kó èèyàn méjìlélọ́gbọ̀n tí wọ́n fi ọkàn tán mi. Àwọn kan nínú wọn lè wà níbí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní 2016, ní ìtòsí Alákijà, mo ya sí òsì. N kò rí nǹkan kan. Mo gbọ́ ìró. Ọmọkùnrin kan lórí ọ̀kadà ni. Ọlọ́run gba á, ẹsẹ̀ rẹ̀ bó, apá rẹ̀ sì yẹ̀, ṣùgbọ́n ó yè. Ó ń pariwo pé, “Bàbá, ṣé ẹ kò rí mi ni?” N kò rí i. Mo kọ́kọ́ fẹ́ jiyàn, ẹnu mi sì wọ́. Lọ́jọ́ náà ni mo fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀, láti ọjọ́ náà n kò sì tíì wa ọkọ̀ mọ́.

Mo padà sí ilé ìwòsàn. Ojú òsì mi ti di 40. Wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ẹ̀gbẹ́ ojú mi wò, ìdajì tí mo ní lọ́dún tó kọjá ti lọ. Dókítà mìíràn ló rí mi lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin ni. Mo rò pé yóò bú mi. Kò bú mi. Ó ní, “Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi dá oògùn dúró?” Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, èèrà, mínírà, ìtọ̀. Ó fi ìwé sílẹ̀, ó sì ṣàlàyé ohun tó yẹ kí ẹnì kan ti ṣàlàyé fún mi láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

OHUN TÍ OÒGÙN NÁÀ Ń ṢE NÍNÚ ARA

N ó sọ ọ́ bí ó ti yé mi, ní èdè ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Nínú ara, òṣìṣẹ́ kan wà tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ojú, ó ń bá wọn pèsè omi. Nínú ọpọlọ, ó ń bá wọn pèsè omi tó yí ọpọlọ ká. Nínú kíndìnrín, ó ń bá wọn dá omi àti iyọ̀ padà sínú ara kí ó má ṣe bá ìtọ̀ lọ. Lórí ahọ́n, òun ló ń jẹ́ kí á mọ ìtani mínírà àti bíà. Oògùn yìí máa ń kó òṣìṣẹ́ náà lọ sí ìyanṣẹ́lódì. Nígbà tí ó bá ya iṣẹ́ lódì nínú ojú, omi ojú á dínkù, ohun tí à ń fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì náà kò mọ sí ojú nìkan. Ó dé kíndìnrín, ìtọ̀ á pọ̀. Ó dé ahọ́n, mínírà á yí adùn padà. Èèrà tí ń rìn ní ìka náà wà lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe májèlé, kì í ṣe ayé. Bí wọ́n bá dín oògùn kù tàbí tí wọ́n dá a dúró, á lọ.

Ó tún sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Ara àwọn oògùn sulfa tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn láti nǹkan bí 1935 ni ó ti ṣẹ̀ wá. Àwọn dókítà rí i pé àwọn oògùn náà ń mú kí aláìsàn tọ̀ púpọ̀, wọ́n sì wádìí ìdí rẹ̀. Ní 1950, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe acetazolamide jáde. Omi tó pọ̀ jù lára ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Ní 1954, dókítà ojú kan ní St. Louis tó ń jẹ́ Bernard Becker fi hàn pé ó ń mú omi ojú rọlẹ̀. Ìtọ̀ tó lé mi kúrò nínú ọkọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ń wá sára oògùn náà gan-an ni. Ká ní mo mọ̀ ni, n kì bá má bẹ̀rù.

Dókítà náà yí àkókò tí mò ń lò ó padà kí ìtọ̀ má baà bá mi lójú ọ̀nà. Ó ní kí n máa mu omi dáadáa, kí òkúta má baà dì sínú kíndìnrín. Ó ní kí n máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọsàn, nítorí potasíọ̀mù tí ń bá ìtọ̀ lọ. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Èèrà ṣì ń rìn, mínírà ṣì ń korò, ṣùgbọ́n mo ti mọ orúkọ wọn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n la gọ́tà tuntun sí ojú. Lónìí, hóró ti kúrò, oògùn kíkán ló kù, alaalẹ́ ni mo sì ń kán an. Ojú ọ̀tún mi wà bí ó ti wà. Ti òsì, ohun tó lọ ti lọ.

ÀWỌN MÌÍRÀN LÁÀRIN WA

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ mi, àwọn ẹlòmíràn sọ tiwọn fún mi. Wọ́n yọ̀ǹda kí n sọ ọ́ láìdárúkọ wọn.

Arábìnrin wa kan wà ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọ̀rá. Orí fífọ́ ló bá a jà, ó máa ń le jù ní òwúrọ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú ẹrù, ojú rẹ̀ á ṣú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì tún là. Ó ń gbọ́ ìró bí ẹ̀fúùfù nínú etí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n ní ẹ̀mí òkùnkùn ni. Dókítà ojú ló rí i pé iṣan ojú rẹ̀ ti wú, nítorí pé omi tó yí ọpọlọ ká ló ń tẹ̀ ẹ́. Oògùn kan náà ni wọ́n fún un, iye tirẹ̀ sì pọ̀ ju tèmi lọ. Wọ́n ní kí ó dín ìsanra kù pẹ̀lú. Oúnjẹ kò ní adùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ nídìí ẹ̀rọ, fọ́mánù sì ń pè é ní ọ̀lẹ. Ó lọ sọ fún dókítà, wọ́n dín iye náà kù, wọ́n sì ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ó fara dà á. Ojú rẹ̀ kò ṣú mọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2014 lára èèyàn 165 tó ní irú àìsàn yìí fi hàn pé ojú àwọn tó lo oògùn náà pẹ̀lú ìdínkù ìsanra sàn ju ti àwọn tó kàn dín ìsanra kù lọ.

Arákùnrin wa kan, pánẹ́ẹ̀lì-bítà ni. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó lo Septrin, ara rẹ̀ sì bó. Wọ́n kọ oògùn yìí fún un, kò sọ nǹkan kan nípa Septrin, nítorí ó rò pé ti ojú yàtọ̀ sí ti ara. Apòògùn ló bi í léèrè kí ó tó gbé hóró náà fún un. Bí ó ti gbọ́, ó dá a padà sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì fún un ní oògùn mìíràn. Ẹbí kan náà ni Septrin, Fansidar àti oògùn yìí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbà á sílẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni kẹta jẹ́ ọlọ́dẹ. Alaalẹ́ ló ń da Alabukun sẹ́nu kí oorun má baà gbé e. Alabukun ní aspirin nínú. N kò sọ pé kò wúlò, èmi náà ti lò ó rí. Ṣùgbọ́n bí aspirin bá pọ̀ tó sì pàdé oògùn yìí nínú ara, ó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá. Dókítà rẹ̀ kò mọ̀, nítorí lójú rẹ̀, Alabukun kì í ṣe oògùn tí à ń dárúkọ ní ilé ìwòsàn.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Ẹ MÚ LỌ SÍLÉ

1. Bí wọ́n bá kọ oògùn yìí fún yín, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò, títí kan àgbo, aspirin àti Alabukun. Ẹ sọ bí Septrin tàbí Fansidar bá ti bá ara yín jà rí. Ẹ sọ bí ẹ̀jẹ̀ yín bá jẹ́ SS, bí ẹ bá lóyún, bí kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ bá ti ń yọ yín lẹ́nu.

2. Ẹ béèrè ohun tí oògùn náà yóò ṣe sí ara yín kí ẹ tó kúrò lórí àga. Èrò tó wà lẹ́yìn yín lè dúró.

3. Ìka tí ń ṣe bíi pé èèrà ń rìn, mínírà tó korò àti ìtọ̀ púpọ̀, ohun tí à ń lọ sọ fún dókítà ni, kì í ṣe ohun tí à ń torí rẹ̀ da oògùn nù. Ó lè dín in kù, ó lè yí àkókò rẹ̀ padà, ó lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

4. Ṣùgbọ́n bí ara bá lé tàbí tí ó bá ń bó, bí ẹ̀yìn tàbí ìhà bá ń dùn yín gan-an tí ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú ìtọ̀, bí mímí bá ń ṣòro tàbí tí ọpọlọ bá dàrú, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

5. Oògùn náà lè mú kí oorun kun èèyàn. Ẹ má jókòó sídìí ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ kí ẹ tó mọ bí ó ti ń ṣe yín.

6. Ẹni ogójì ọdún sókè, ẹ lọ wọn omi ojú yín. Kíka lẹ́tà ara ògiri kò tó. Ẹ̀ka ojú wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, wọ́n ń pè é ní Guinness Eye Centre. Bí wọ́n bá bá a lójú yín, ẹ mú ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ yín lọ.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

Alága, ọ̀rọ̀ tó kù yìí, ẹ̀yin ni mo bá dé. Àìmọ̀ ló mú kí n da oògùn nù. Ìbẹ̀rù ló mú kí n máa wa ọkọ̀ lọ. Mo bẹ̀rù pé bí mo bá la ẹnu, oúnjẹ ọmọ mi yóò lọ. Mò ń bẹ yín, ẹ mọ̀ pé àwọn kan wà nínú gbọ̀ngàn yìí báyìí tí wọ́n ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kò bá dúró tì wọ́n, wọn kò ní sọ̀rọ̀, ọ̀kadà kan yóò sì tún wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì wọn. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Nítorí náà, mo dá ohun mẹ́rin lábàá. Èkíní, kí ẹ̀ka wa máa pe àwọn tó ń yẹ ojú wò wá ní oṣù Kẹta ọdọọdún, nígbà tí gbogbo ayé ń ṣe Ọ̀sẹ̀ Gùlọ́kómà. Èkejì, kí á bá àwọn agbanisíṣẹ́ wọ àdéhùn pé ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ojú òun kò dára kò ní pàdánù iṣẹ́. Kí wọ́n gbé e kúrò nídìí ọkọ̀ sí ibi iṣẹ́ mìíràn. Iṣẹ́ wà ní sítọ́ọ̀, iṣẹ́ wà ní ẹnu géètì, iṣẹ́ wà ní ọ́fíìsì. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó ń lo oògùn tí ń mú ìtọ̀ wá lè kúrò nídìí ẹ̀rọ láìsí èébú, kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó dára sì wà ní gbogbo gáréèjì wa. Ẹ̀kẹrin, òfin NHIA tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 sọ ìdójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Kí akọ̀wé wa lọ béèrè lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ṣé ẹ ti fi orúkọ àwọn ènìyàn wa sílẹ̀? Ṣé oògùn ojú wà nínú ohun tí ẹ san owó rẹ̀? Nítorí ọ̀pọ̀ ló dá oògùn dúró kì í ṣe nítorí èèrà inú ìka, bí kò ṣe nítorí pé owó tán.

Ẹlẹgbẹ́ mi, “Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.” Igi tèmi ti gún mi kí n tó wò ó. Bí ẹnì kan bá wà níbí tí ó ní hóró oògùn nílé tí ó ti dá dúró, kí ó lọ bá dókítà ní ọjọ́ Ajé. Bí ó bá ń bẹ̀rù láti dá lọ, kí ó wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé. N ó bá a lọ. Kí ó ṣáà dúró lápá ọ̀tún mi kí n lè rí i.

Ìṣọ̀kan wa kò ní bàjẹ́ o.

(Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, ìpàdé fọwọ́ sí àbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ yóò jábọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀.)